Má Ṣe Pe Orúkọ Kan Ṣoṣo

Mushin,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, tí ẹ̀yìn mi ò sì gbàgbé,

Mo kí ọ, mo kí ilé rẹ, mo kí afẹ́fẹ́ Kàdúná tó ń fẹ́ sí ọ lára tí kò fẹ́ dé ọ̀dọ̀ èmi. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Awakọ̀ kan láti Jíbówú ló mú un wá, ó bá mi níbi tí mo ti ń fẹ́ èédú inú áyọ́ọ̀nù, mo sì fi ọwọ́ dúdú gbà á. Bí o bá rí àbàwọ́n lára ìwé yìí, kì í ṣe ẹkún o. Èédú ni. Èmi kì í sunkún sórí ìwé.

Wọ́n ní kí n lọ bá akọ̀wé kí ó bá mi kọ èsì. Mo kọ̀. Nígbà tí mò ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, tí mò ń fi orúnkún tó ń ro mí jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, ṣé nítorí kí àjèjì lè máa bá mi bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ni? Bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́, bí ó bá yà síbí tí ó yà sọ́hùn-ún, rọra máa tẹ̀ lé e. N kò jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ oníbàárà kì í dúró de lẹ́tà.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí n lè mọ̀ pé ó yé mi. O ní làálì ìyàwó kò tíì parẹ́ tán lẹ́sẹ̀ rẹ tí wọ́n fi kó Mùtíù ọkọ rẹ àti àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ààlà, níbi tí ìbọn ti ń dún. O ní àwọn ìyàwó sójà tó kù ní bárékè ti fi ìmọ̀ ṣọ̀kan pé ní ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn nínú oṣù yìí, àwọn yóò lọ dúró níwájú ọ̀gá àgbà, àwọn yóò sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n kó àwọn ọkọ àwọn padà wálé. O ní Mùtíù gbọ́ fìnrín-fìnrín rẹ̀ níbi tó wà, ó sì ránṣẹ́ pé o kò gbọdọ̀ bá wọn lọ, pé sójà tí ìyàwó rẹ̀ ń pè wálé, yẹ̀yẹ́ ni láàárín ẹgbẹ́. O wá bi mí pé, "Màámi, ṣé kí n lọ ni, àbí kí n jókòó?"

Lọ. Mo sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ kí o má baà máa wá a kiri. Ṣùgbọ́n bí o ó ṣe lọ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí èmi ti lọ rí, nígbà ogun Bọ́mà. O kéré nígbà náà. O mọ̀ pé Súlè ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní Kùmásí tí kò wálé. Ohun tó gbé e lọ ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ pọ́nńbélé.

Èkínní. Wọn yóò sọ fún ọ pé ẹnu obìnrin ò tó ọ̀rọ̀ ogun. Bàbá Lèmọ́mù àdúgbò wa, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ kan nígbà náà.

Wọ́n ní, "Ìyá Súlè, mo gbọ́ pé o ní kí ogun parí. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ń pè ní Bọ́mà?"

Mo ní, "N ò mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Ṣé o wá mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí?"

"N ò mọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń jà á. Èmi ni mo bí i."

Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì gbé kẹ́tùlù àlùwàlá wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ìwé àti àwòrán ilẹ̀ dẹ́rù bà ọ́, má gbọ̀n. Ẹni tí kò mọ ìdí ogun lè mọ ohun tí ogun ń jẹ.

Àmọ́ o, bí ẹnì kan bá fi sùúrù bi yín pé, "Bí a bá kó àwọn sójà kúrò, ta ni yóò ṣọ́ àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n lọ dáàbò bò?" ẹ má pariwo mọ́ ọn lórí. Ìbéèrè gidi ni. Èmi kò mọ èsì rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ náà lọ́mọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá ní òun mọ èsì gbọ́dọ̀ lè dìde dúró, kí ó sọ ọ́ lójú àwọn tí ọmọ wọn ń fi ara san án. Kì í ṣe kí ó ti fèrèsé mọ́ wọn.

Èkejì ni ti ìyá ọkọ rẹ, tí o ní wọ́n sọ pé a kì í pe ẹni tó wà lọ́nà láti ẹ̀yìn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, má bá wọn jiyàn. Ẹni tó bá ti kọjá ìloro, tó ti dojú kọ ọ̀nà àjò, bó gbàgbé nǹkan, a kì í ké sí i láti ẹ̀yìn kí ọ̀nà má baà dàrú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ní òwúrọ̀ tí Súlè ń lọ wọṣẹ́ sójà, òun àti Ràímì ọmọ Ìyá Ràímì ni wọ́n jọ jáde. O rántí Ìyá Ràímì, ògiri kan ló pín wa títí dòní. Mo wọlé padà, mo rí fìlà Súlè lórí àpótí. Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo la oko ẹ̀gẹ́ kọjá, mo sáré débi tí ìró mi tú, mo sì yọ sí wọn níwájú ní oríta.

Ràímì ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ní, "Súlè, wò ó, ìyá rẹ ti diwin!"

Súlè ní, "Màámi, ṣé ẹ ti fẹ́ bá wa lọ ni?"

Mo ní, "Bí wọ́n bá ń gba alágbàfọ̀, n ó lọ. Tẹ orí rẹ sílẹ̀." Mo dé fìlà fún un. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ, ẹ̀yìn wọn ni mò ń wò títí wọ́n fi ṣẹ́ kọ́nà. Ẹ̀yìn wọn yẹn ṣì máa ń yọ sí mi lójú bí mo bá ń lọ aṣọ.

Ṣé o rí i? Àṣà ò ní kí a dákẹ́. Àṣà ní kí a lọ síwájú. Nítorí náà má ṣe máa kọ lẹ́tà ẹkún sí Mùtíù, pé wálé, wálé. Ìyẹn ni pípè láti ẹ̀yìn. Ó máa ń mú ọwọ́ wúwo, ẹni tó dira ogun ò sì gbọdọ̀ ní ọwọ́ wúwo. Kò lè dìde kí ó ní òun ń lọ sílé, bí ó tilẹ̀ wù ú. Ẹni tó rán an ló ni ìpadàbọ̀ rẹ̀. Iwájú ẹni yẹn ni kí ẹ lọ dúró.

Mo fi gègé sílẹ̀ níbí lánàá. Òjò ṣú, aṣọ àwọn tíṣà Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó sì wà lórí okùn. Nígbà tí mo kó wọn wọlé tán, ọwọ́ mi ò fẹ́ padà sórí ìwé. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló kàn.

Ní àsìkò yẹn mò ń fọ aṣọ fún ọ̀gá sójà òyìnbó kan ní Yaba. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, onísùúrù ènìyàn ni. Kúùkù rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, aláwàdà. Ní ọjọ́ kan lẹ́tà Súlè dé. Ó ní ibà dá òun gúnlẹ̀, wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù ní Íńdíà, ṣùgbọ́n ara òun ti ń yá, láìpẹ́ wọn yóò dá òun padà sójú ogun lọ́dọ̀ Ràímì. Mo ní kí ẹni tó ń kà á tún un kà. Ó tún un kà. Kò yí padà.

Mo ru aṣọ òyìnbó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Kóòtù funfun kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi àsè ní ìrọ̀lẹ́, mo ti fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ lọ̀ ọ́ títí ó fi dá dúró bí ènìyàn. Mo sọ ẹrù kalẹ̀ ní bàrándà, mo sì jókòó lé e lórí.

Kúùkù yọjú. "Ìyá alágbàfọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ óò rún kóòtù ọ̀gá!"

"Kí ó rún. Èmi tí mo lọ̀ ọ́ náà ti rún."

"Háà! Ọ̀gá á lé mi lẹ́nu iṣẹ́ o!"

"Wá jókòó tì mí nígbà náà. Àyè ṣì wà lórí ṣòkòtò."

Òyìnbó jáde, ó bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kí kúùkù bá mi sọ ọ́: ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí, bàbá rẹ̀ ti kú, ó ti jà débi tí ara rẹ̀ lè jà dé, kí ó kọ̀wé kí wọ́n dá a padà fún mi. Bí kò bá kọ ọ́, ihòhò ni yóò lọ síbi àsè. Kúùkù tú ọ̀rọ̀ mi sí gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò tú ti ihòhò. Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ó wá wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì lọ. Ó wọlé, ó mú ìwé àti gègé wá, ó fìdí lé àga, ó ní, "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ kí o dúró díẹ̀ níbi ìbéèrè yìí. Gègé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìwé. Ìwé náà funfun láti òkè délẹ̀, àyè wà níbẹ̀ fún odindi àdúgbò. Mo ní, "Súlèmánù." Mo fi orúkọ bàbá rẹ̀ kún un. Mo pa ẹnu mi dé, mo sì dìde lórí aṣọ.

Mo dé ilé, mo ń yan. Gbogbo ilé ni mo rò ó fún, títí kan Ìyá Ràímì. Ó bá mi yọ̀. Ó bá mi yọ̀ tọkàntọkàn.

Súlè dé. Ọkọ̀ òkun tó kó àwọn aláàbọ̀ ara ni wọ́n fi gbé e wá. Àwọn tí kò lẹ́sẹ̀, àwọn tí ojú wọn fọ́, òun nìkan sì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn sọ̀ kalẹ̀ láàárín wọn. Ó ní òun ti di ẹrù òun láti padà sọ́dọ̀ Ràímì ní òwúrọ̀ tí sájẹ́ǹtì kan dúró lójú àgbàlá ọsibítù, tó pariwo orúkọ òun, tó ní, "Kó ẹrù rẹ! Ìyá rẹ ń pè ọ́ nílé!" Gbogbo ọsibítù ló bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó ń kú lọ pàápàá. Nígbà tó dé Mushin, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sọ ọ́ ní Súlè Sítáàṣì. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ fi kóòtù rà á padà. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán nínú rẹ̀.

Ràímì ò padà. Ìròyìn rẹ̀ dé kí òjò ọdún yẹn tó dá.

Nígbà tí àwọn èrò tó wá kí Ìyá Ràímì lọ tán, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò sunkún. Ó ní, "Ìyá Súlè, nígbà tí o jókòó lórí aṣọ òyìnbó yẹn, ṣé orúkọ kan ṣoṣo ni ẹnu rẹ lè gbé?"

Mo gbé àpótí ìjókòó fún un, ó yí padà lọ sílé rẹ̀.

Súlè gbọ́ ọ láti inú ilé. Láti ọjọ́ yẹn kò jẹun tán mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò ní Kùmásí fi ń padà lọ, ó sì bá wọn lọ. Ní òwúrọ̀ tó ń lọ, mo ní, "Súlè, ṣé nítorí pé mo pè ọ́ ni?" Ó ní, "Kì í ṣe pé ẹ pè mí, Màámi. Pé èmi nìkan ni ẹ pè."

Ó ń kí mi dáadáa láti ìgbà náà. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ láti ọ̀hún, ó máa ń fi aṣọ rán an sí mi, aṣọ tó dára tí n kò lè fọ̀ kí n má fọwọ́ pa á ju bó ti yẹ lọ. Ó ti níyàwó níbẹ̀. Mo ní ọmọ-ọmọ tí n kò mọ bí ohùn ẹkún rẹ̀ ti rí. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Èmi ti ń retí kí ti Súlè dẹ́kun dídùn.

Má rò pé mò ń tọrọ àforíjì pé mo pè é. Ọlọ́run gbọ́, bí ọ̀sán yẹn bá tún padà wá, n ó tún jókòó lé kóòtù yẹn lórí, n ó sì rún un kọjá àtúnlọ̀. Ṣùgbọ́n n ó jókòó pẹ́. Orúkọ Ràímì ni n ó kọ́kọ́ dá, n ó sì máa dá orúkọ lọ títí ìwé òyìnbó yóò fi tán.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyá tó bá jáde láti pe ọmọ wọlé kì í pe tirẹ̀ nìkan. Ìyá mi àgbà a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a pe ti ara wọn, ti orogún wọn, ti ìyàwó tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún iléyá. Bí o bá pe tìrẹ nìkan tí o tilẹ̀kùn, wọn á ní o fẹ́ kí ẹranko rí ti ẹlòmíràn jẹ. Mo mọ èyí kí n tó mọ bí a ti ń ró ìró. Mo wá dé Èkó, níbi tí olúkúlùkù ti ń pe tirẹ̀, mo sì gbàgbé ohùn ìyá mi àgbà lẹ́nu ara mi.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, ìmọ̀ràn mi nìyí, má wo bóyá ẹ̀kẹrin ni àbí ẹ̀karùn-ún. Kí ọjọ́ Ajé tó dé, lọ káàkiri bárékè, kọ́ orúkọ gbogbo àwọn tó wà ní ààlà. Kọ́ ti àpọ́n tí kò níyàwó tí yóò bá a lọ. Kọ́ ti ẹni tí ìyá rẹ̀ wà ní abúlé tí kò mọ̀ pé ọmọ òun ti kúrò ní Kàdúná. Kọ́ ti ọmọ Tífù tí o ní òun àti Mùtíù kì í kíra. Àní òun gan-an ni kí o kọ́kọ́ pè.

Wọn yóò dán ọ wò. Èmi sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá yóò rí i pé ọ̀dọ́ ni ọ́, pé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni ọ́, yóò pè ọ́ sí ìkọ̀kọ̀, yóò ní, "Ìwọ, lọ sílé jẹ́ẹ́, a ó dá ti ìwọ padà fún ọ." Ara rẹ yóò fẹ́ gbà á. Mo mọ bí ibùsùn ṣe ń tóbi bí ẹnì kan kò bá sí nínú rẹ̀. Má gbà á. Bí o bá gba Mùtíù nìkan, ẹnì kan yóò dé sí ọ nílé, yóò jẹ oúnjẹ rẹ, yóò sì máa wo ọ̀nà. Bí ẹ bá pe gbogbo wọn pọ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ẹnì kejì ṣe yẹ̀yẹ́. Sọ bẹ́ẹ̀ fún Mùtíù. Bí ó bá ṣì bínú, kí ó wá bínú nílé. Ìbínú ọkọ tó wà lórí ìjókòó, a mọ bí a ti ń fi oúnjẹ rọ̀ ọ́.

Má sì jẹ́ kí ìyàwó kankan nínú yín sọ pé asán ni ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ń ṣe. Ẹni tó ti fi ara rẹ̀ lé e kò fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní wọ́n ti ṣe é tó.

Fọ aṣọ tí o máa wọ̀. Lọ̀ ọ́ dáadáa, ọmọ alágbàfọ̀ ni ọ́, má dójú tì mí. Má sunkún níwájú wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dìde, ẹ má tètè dìde.

Ó ku nǹkan kan. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìyá Ràímì ti ń kí mi, ṣùgbọ́n ìkíni ẹni méjì tí wọ́n jọ ń pọnmi ni, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, lẹ́yìn òjò, orúkọ Ràímì tí mo ti kọ sínú lẹ́tà yìí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ mọ́. Mo jáde síta. Àwọn ọmọ ayálégbé ń fi ẹsẹ̀ gbọ́n omi sára wọn lójú ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n wọlé. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá mi àgbà ti ń ṣe é, n kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀. Nígbà tí mo pè wọ́n tán, ẹnu mi ò dúró. Mo pe Ràímì. Mo pe Súlè.

Àwọn ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyá àgbà, ta nìyẹn? Wọn ò sí níbí!"

Láti òdì kejì ògiri, mo gbọ́ tí Ìyá Ràímì gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. Ó wá dáhùn pé, "Wọ́n ń bọ̀."

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n bá mú gègé, bá wa dá orúkọ gbogbo wọn.

Èmi tí mo ń wo ọ̀nà rẹ àti ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Súlè, alágbàfọ̀.